Ọ̀rọ̀ Troels Lẹ́nu Sidsel

Nígbà tí Troels ti ọ̀dọ̀ olùgbaninímọ̀ràn dé, Sidsel wà ní ilé ìdáná, ó ń ro ọ́òtì lórí iná. Troels kò bọ́ kóòtù rẹ̀. Ó jókòó sórí tábìlì, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé àga, ó sì ní kí Sidsel má béèrè ohunkóhun. Sidsel kò béèrè. Ó mọ̀ pé tí ẹnikẹ́ni kò bá béèrè, Troels fúnra rẹ̀ á sọ ọ́. Ọmọkùnrin etí òkun ni, láti Thyborøn, níbi tí bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀ ti ń pẹja. Ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu àwọn èèyàn yẹn, ṣùgbọ́n tó bá ti fẹ́ jáde, kò sẹ́ni tó ń dá a dúró.

Ó ní obìnrin náà, Vibeke, gba òun tọwọ́tẹsẹ̀, ó bu kọfí fún òun, ó sì ní kí òun sọ bí nǹkan ṣe ń ṣe òun. Òun wá sọ gbogbo rẹ̀: pé òun máa ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́, tí oorun kò sì ní í padà wá mọ́, pé òun máa ń ka ojú ìwé kan, tí òun bá fi máa dé ìsàlẹ̀, òun ò ní mọ ohun tó wà lókè, pé tí ímeèlì bá wọlé láti yunifásítì, ọwọ́ òun á tutù bí ìgbà tí èèyàn bá ki ọwọ́ bọ inú àpótí yìnyín tí wọ́n ń kó ẹja sí. Bí òun ṣe ń sọ ọ́ ni Vibeke bẹ̀rẹ̀ sí í wo òun bákan. Nígbà tí òun parí, ó gbé ife rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè bóyá ẹnìkan ló sọ fún òun pé ohun tó yẹ kí òun wá sọ nìyẹn.

“Ó rò pé mo há a sórí ni,” Troels wí. “Bí ẹni pé mo wá ka ẹsẹ Bíbélì fún un.”

Sidsel bi í pé kí ló wá sọ.

“Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní rárá, èmi ni mo ni ín. Ó ní kò burú. Ó ní àyè kan ṣoṣo ló kù nínú ẹ̀kọ́ àṣàrò náà, àwọn sì ti fún ẹnìkan lánàá, pé òun á fi mí sí ti ìgbà ìrúwé. Ìgbà ìrúwé. Nígbà tí ìdánwò mi wà nínú oṣù Kínní.” Ó gbójú sókè. “Ìwọ ni wọ́n fún, àbí?”

Sidsel ní òun ni.

“Ó dáa náà,” Troels wí. “Ó sàn kó jẹ́ ìwọ ju kó jẹ́ ẹni tí mi ò mọ̀ lọ.”

Ọ́òtì ti ń jó nísàlẹ̀ ìkòkò. Sidsel kò gbọ́ òórùn rẹ̀.

Òun àti Troels jọ ń gbé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Aarhus, wọ́n jọ ń kọ́ òfin, wọ́n sì jọ ń lo fìríìjì kan. Sidsel ti yege nínú òfin àdéhùn, ìdánwò tí wọ́n máa ń fi ẹnu dáhùn níwájú àwọn olùdánwò. Troels ti kùnà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta péré sì ni wọ́n ń gbà fún ẹnikẹ́ni. Bó bá tún kùnà nínú oṣù Kínní, tàbí tí kò bá yọjú rárá, ó di kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Kò ní í di lọ́yà mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́ nípa ẹ̀kọ́ àṣàrò tí yunifásítì ń ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ìdààmú ti wọ̀ lọ́rùn, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni láti jókòó jẹ́ẹ́ kí èèyàn máa ṣọ́ èémí ara rẹ̀, kí ọkàn tó ń sá kiri lè padà sílé. Ojú ń tì í láti lọ. Sidsel ló sọ fún un pé òun náà á lọ, òun ni òun á kọ́kọ́ wọlé, kí Troels lè rí i pé wọn kì í jẹ èèyàn níbẹ̀. Bó ṣe lọ ní ọjọ́ tó ṣáájú ti Troels nìyẹn.

Kò ní ohun búburú kankan lọ́kàn nígbà tó wọlé. Ohun tó ń sọ fún ara rẹ̀ lẹ́yìn náà nìyẹn, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n òótọ́ tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni ni. Ara òun náà kò yá. Ó máa ń sunkún nínú balùwẹ̀, á sì ṣí omi kí ẹnikẹ́ni má bàa gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Vibeke bi í bí nǹkan ṣe ń ṣe é, kò rí ọ̀rọ̀ kan tó tó ọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin dókítà eyín láti Hørsholm, tí ilé wọn ní ọgbà, tí máàkì rẹ̀ dára, kí ló ń pa á lẹ́kún? Ó rí i pé obìnrin náà ń dúró dè é. Ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ Troels ló sì jáde, gbogbo ohun tí Troels ti sọ fún un ní ilé ìdáná láti oṣù Kẹsàn-án: jíjí kí ilẹ̀ tó mọ́, ojú ìwé tí kì í wọlé, ọwọ́ tó ń tutù. Àní ó sọ ti àpótí ẹja náà. Bàbá Sidsel kò fọwọ́ kan ẹja rí àfi èyí tí wọ́n ti sè. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, omijé tirẹ̀ gan-an, ó sì jọ pé ọ̀rọ̀ náà ti di tirẹ̀. Vibeke na ọwọ́ kọjá tábìlì, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní àyè kan ló kù, òun á fún un.

Ayédèrú ló kọ́kọ́ wọlé. Nígbà tí ojúlówó dé, ojúlówó ni wọ́n ń wò tìfura-tìfura.

“Ọ́òtì ẹ ń jó,” Troels wí.

Sidsel gbé ìkòkò náà kúrò lórí iná. Ibẹ̀ yẹn ló yẹ kó ti sọ ọ́. Dípò bẹ́ẹ̀, ó ní Vibeke yẹn kò mọ nǹkan kan. Troels rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó gbè sẹ́yìn òun. Nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọpẹ́ yẹn ló burú jù.

Ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Yàrá wọn wà lókè ilé ìkàwé. Wọ́n bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n tan àbẹ́là nítorí pé òkùnkùn ti ń tètè ṣú. Vibeke lu abọ́ idẹ kékeré kan, ó sì ní kí wọ́n pa ojú dé, kí wọ́n máa tẹ̀lé èémí bó ṣe ń wọlé àti bó ṣe ń jáde. Ó ní tí èrò kan bá dé, kí wọ́n má lé e, kí wọ́n má sì dì í mú. Kí wọ́n kí i, kí wọ́n jẹ́ kó kọjá bí ìkùukùu ṣe ń kọjá lójú ọ̀run. Kí wọ́n má sì dá ara wọn lẹ́jọ́.

Èrò kan ṣoṣo ló dé bá Sidsel. Troels ni, tòun ti kóòtù rẹ̀, lórí tábìlì ilé ìdáná. Sidsel kí i. Kò kọjá. Sidsel padà sórí èémí rẹ̀, ó tún wò, Troels ṣì jókòó síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tó já fáfá ni Sidsel. Ohunkóhun tí wọ́n bá ní kó ṣe, á ṣe é débi tó yẹ kó ṣe é dé. Láràárọ̀ ló ń jókòó sórí ìrọ̀rí nínú yàrá rẹ̀, tó ń pa ojú dé. Nígbà tó yá, Troels bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá. Á dé, á dúró díẹ̀, á lọ. Oorun Sidsel padà. Oúnjẹ padà dùn lẹ́nu rẹ̀. Kò lọ ṣí omi nínú balùwẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kan, Vibeke ní kí oníkálukú sọ ohun tó ti rí láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Sidsel ní ohun kan wà tí òun ṣe, tí kò dára, tó ń dun òun tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n òun ti ń kọ́ láti jẹ́ kó kọjá láìdá ara òun lẹ́jọ́. Vibeke rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Ọmọbìnrin kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní òun ń jowú rẹ̀.

Nígbà tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sílé nínú òjò, ohun tó sọ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó ni ìkùukùu. Ohun tí a bá ṣe sí ẹlòmíràn, ó ní ẹni tó ni ín, ẹni tó ni èyí sì ń gbé ní yàrá tó kángun sí tirẹ̀, ògiri àárín wọn kò sì nípọn. Láràárọ̀ tí Sidsel bá ti jókòó sórí ìrọ̀rí, ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ Troels lódìkejì, bó ṣe ń rìn lọ, bó ṣe ń rìn bọ̀, láti ibi fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà. Sidsel á wá padà sórí èémí rẹ̀. Ó ti mọ̀ ọ́n ṣe débi pé ó lè jókòó ti ìdààmú ẹni tí òun jà lólè, kí ara rẹ̀ sì balẹ̀.

Ó rò ó pé kí òun máa kọ́ Troels nílé. Ohun tí òun bá gbà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òun á gbé e fún un ní Ọjọ́rú, bí ẹni tó jí oúnjẹ gbé tó wá ń bu ìṣẹ́kù rẹ̀ fún olóúnjẹ. Troels gbà, nítorí pé kò ní agbára láti kọ̀. Wọ́n jókòó sílẹ̀ nínú yàrá rẹ̀ láàárín ìwé òfin àti ìbọ̀sẹ̀. Sidsel ní kó mí sínú, kó mí síta.

“Mo ti ń ṣe é láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi,” Troels wí. “Wọn ò tíì fún mi ní máàkì kankan lórí ẹ̀.”

“Pa ojú ẹ dé, jàre.”

“Tí mo bá pa á dé, màá sùn.”

“Ṣebí o ní o kì í sùn. Sùn nígbà náà.”

Troels pa ojú dé. Kò pẹ́ tó fi là á. Ó ní àwọn olùdánwò méjèèjì ni òun ń rí, tí wọ́n jókòó sẹ́yìn tábìlì, tí wọ́n ń wo òun. Sidsel mọ̀ pé Vibeke á mọ ohun tó yẹ kó sọ síyẹn. Ó ti gbọ́ ọ rí tí Vibeke sọ ọ́ fún ẹlòmíràn, tí ara ẹni náà sì rọ̀. Ṣùgbọ́n kò rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀.

“Kí wọn,” ó wí.

“Kí n kí ta ni?”

“Àwọn olùdánwò. Kí wọn, kí o jẹ́ kí wọ́n kọjá.”

Troels wò ó títí. “Sidsel, àwọn gan-an ni wọn ò fẹ́ kí èmi kọjá.”

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ó sì dára fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, nígbà tí Sidsel kan ilẹ̀kùn, Troels ní òun ń kàwé, bẹ́ẹ̀ Sidsel mọ̀ pé kò kàwé. Kò lọ sọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n jọ ń kàwé mọ́. Ní ìparí oṣù Kọkànlá, lẹ́yìn tí gbogbo ará ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn ti jọ jẹun tán, ó sọ fún wọn pé òun ò ní í yọjú sí ìdánwò náà. Ó ní ẹni tó ń bá bàbá òun ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ń kúrò lẹ́yìn Kérésìmesì, òun á gba ipò rẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé mílíìkì ti tán.

“Lọ́yà inú ọkọ̀ apẹja,” Asger wí, ẹni tí yàrá rẹ̀ kọjú sí ti Troels. “Àwọn ẹja á máa bẹ̀ ẹ́ pé kó o gba ẹjọ́ àwọn rò.”

“Wọn kì í sọ̀rọ̀,” Troels dáhùn. “Ohun tí mo fẹ́ràn lára wọn nìyẹn.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí àwọn yòókù ti lọ, tí ó ku àwọn méjèèjì nídìí abọ́, Sidsel ní kó padà sọ́dọ̀ Vibeke, kó lọ bá a sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Troels ń nu abọ́ tí Sidsel fọ̀. Kò dáwọ́ dúró.

“Mi ò ní í sọ bí nǹkan ṣe ń ṣe mí fún ẹnikẹ́ni mọ́,” ó wí. “Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní mo há a sórí ni. Ìwọ nìkan lo gbà mí gbọ́.”

Sidsel padà sí yàrá rẹ̀, ó jókòó sórí ìrọ̀rí. Ó jókòó títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kú. Kò sí ohun tó kọjá.

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ tó tẹ̀lé e, ó dúró títí gbogbo wọn fi wọ bàtà lọ. Vibeke ń pa àbẹ́là. Orí ìdúró ni Sidsel ti sọ ọ́, kò sì fi ohunkóhun pamọ́, títí kan àpótí ẹja. Ó ń retí kí obìnrin náà bínú. Ó ń fẹ́ kó bínú. Ṣùgbọ́n Vibeke ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ àìbínú, ohun tó kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu ni pé ibo nínú ara ni ọ̀rọ̀ náà ti ń dun Sidsel báyìí.

“Mi ò mọ ibi tó ti ń dùn mí,” Sidsel wí. “Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ara tèmi. Òun ló ń palẹ̀ ẹrù ẹ̀ mọ́.”

Ìgbà yẹn ni Vibeke tó jókòó. Ọrùn rẹ̀ pọ́n. Ó dákẹ́, kì í sì í ṣe irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó máa ń kọ́ wọn. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ó ní òun rántí ọmọkùnrin náà dáadáa. Ó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan máa ń kọ́ ara wọn ní ohun tí wọ́n á sọ kí wọ́n lè rí àyè, òun sì lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà pẹ̀lú ìdùnnú pé wọn ò rí òun tàn. “Mo rò pé mo gbọ́n ni,” ó wí.

Sidsel ní kó gba àyè òun, kó fi fún Troels. Vibeke ní kò ṣeé ṣe. Àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ náà ti sunkún lójú ara wọn, wọ́n ti mọ ara wọn dénú, òun ò lè mú ẹni tuntun wọlé bá wọn báyìí. Ẹní tó bá sì ṣófo kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, nítorí náà kí Sidsel máa bọ̀. Ṣùgbọ́n òun á pe Troels, òun á sì máa rí i lóun nìkan ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán òun títí di ọjọ́ ìdánwò. Sidsel bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Vibeke mi orí pé rárá. Ó ní ohun tí òun fúnra òun ṣe, òun á tọrọ àforíjì lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹnikẹ́ni bá sọ nínú yàrá yẹn, inú yàrá yẹn ló ń gbé. “Ìyẹn, ìwọ lo máa sọ ọ́.”

Vibeke pè é lóòótọ́. Orí oúnjẹ ni Troels wà nígbà tí fóònù dún. Ó gbọ́ ọ títí, ó dúpẹ́ tìwà-tìwà, ó ní kò sí ìṣòro, òun ò nílò rẹ̀, ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Ó wá sọ fún gbogbo wọn pé àwọn ará yunifásítì ti gbọ́ pé òun ń lọ, ẹ̀rù sì ti bà wọ́n pé òun fẹ́ ṣe ara òun ní nǹkan. Ó ní obìnrin náà ń tọrọ àforíjì kíkankíkan láìsọ ìdí kan pàtó. Ó ní àánú ni, òun ò sì fẹ́ àánú. Asger ní tí wọ́n bá tún ń pín àánú, kí wọ́n pe òun. Sidsel tẹjú mọ́ abọ́ rẹ̀. Ó rí i kedere pé àforíjì Vibeke kò lè wọlé níwọ̀n ìgbà tí Troels kò mọ ohun tó fà á, ẹnì kan ṣoṣo tó lè sọ ọ́ fún un sì ń gé ọ̀dùnkún sí wẹ́wẹ́.

Ọjọ́ Àìkú ló tó sọ ọ́. Àwọn tó kù ti lọ sílé àwọn òbí wọn. Troels ra búrẹ́dì roboto láti ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì, méjì fún ara rẹ̀, méjì fún Sidsel, ó gbé bọ́tà àti wàràkàṣì sórí tábìlì. Bó ṣe ra ti Sidsel mọ́ ọn yẹn ló jẹ́ kí Sidsel rí i pé òun ò lè jẹ ẹ́ láìsọ ọ́.

“Troels, ohun tí mo sọ fún Vibeke lọ́jọ́ yẹn, tìẹ ni.”

“Tèmi báwo?”

“Ọ̀rọ̀ ẹ. Ohun tí o máa ń sọ fún mi níbí. Mo sọ ọ́ fún un bí ẹni pé èmi ló ń ṣe. Ìdí tó fi ní o há a sórí nìyẹn. Ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi lọ́jọ́ tó ṣáájú tìẹ.”

Ọ̀bẹ wà nínú bọ́tà. Troels fi í síbẹ̀.

“Èwo nínú ẹ̀?” ó béèrè.

“Gbogbo ẹ̀.”

“Mi ò béèrè gbogbo ẹ̀. Mo ní èwo. Sọ ọ́.”

Sidsel sọ ọ́. Ó sọ ti oorun. Ó sọ ti ojú ìwé. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, Troels ń mi orí, bí ẹni tí wọ́n pè sí àgọ́ ọlọ́pàá pé kó wá tọ́ka sí ẹrù rẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olè. Nígbà tó dórí àpótí yìnyín, Troels gbé ọwọ́ sókè.

“Ìyẹn náà?”

“Ìyẹn náà.”

“O ti ki ọwọ́ bọ àpótí ẹja rí?”

“Rárá.”

“Ìgbà àkọ́kọ́ tí bàbá mi mú mi lọ sókun ni. Mi ò lè yọ ìka mi, mi ò sì fẹ́ kó rí i pé mò ń sunkún. Mi ò sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni rí, àfi ìwọ. Ṣé o sunkún níwájú Vibeke?”

“Mo sunkún.”

“Èmi ò sunkún. Bóyá ohun tó fi gba tìẹ gbọ́ nìyẹn.”

Sidsel tọrọ àforíjì. Troels di búrẹ́dì tó kù, ó gbé wàràkàṣì padà sínú fìríìjì, ó fọ ife rẹ̀. Ó wá gbé ife Sidsel kúrò níwájú rẹ̀, ó fọ ìyẹn náà, ó nù ún gbẹ, ó gbé e sípò rẹ̀, ó sì lọ sí yàrá rẹ̀. Ì bá tẹ́ Sidsel lọ́rùn ká ní ó fọ́ ife náà mọ́lẹ̀.

Àwọn kan wà tí wọ́n á ní kí Troels ti sọ̀rọ̀ ìdáríjì níbẹ̀. Irú wọn pọ̀, àwọn tí nǹkan kò ṣe rí. Kò sí òfin tó ní kí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ máa yára.

Ní ọjọ́ Ajé, Sidsel rí i láti ojú fèrèsé pé Troels wọ kóòtù lọ́sàn-án, ó gba ọ̀nà ilé ìkàwé. Kò sọ ibi tó ń lọ. Ọjọ́ kejì, ó tún lọ ní àkókò kan náà. Kò tún dárúkọ Thyborøn mọ́ nídìí oúnjẹ. Ní ìdajì oṣù Kejìlá, Sidsel jí láàárọ̀, kò sì gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń rìn lọ rìn bọ̀ lódìkejì ògiri. Ó gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ó mọ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó jẹ́. Òun fúnra rẹ̀ kò lè jókòó mọ́. Ó ń lọ sí ẹ̀kọ́ nítorí pé Vibeke ní kó máa bọ̀, ó ń pa ojú dé pẹ̀lú wọn, ohun tó ṣe á wá, á jókòó tì í, òun náà kò sì ní kó lọ mọ́. Ní ìpàdé tó kẹ́yìn, wọ́n ní kí oníkálukú sọ èrè tó rí gbà. Sidsel ní òun ti ń sùn dáadáa. Ojú tì í bó ṣe sọ ọ́ tán.

Nínú oṣù Kínní, ní ọjọ́ ìdánwò Troels, Asger ló sọ àkókò rẹ̀ fún Sidsel. Troels kò sọ fún un. Ó lọ síbẹ̀. Gbogbo ará ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn ti dúró sẹ́nu yàrá ìdánwò pẹ̀lú kọfí gbígbóná àti àsíá pélébé-pélébé pupa òun funfun tí wọ́n fi ń ṣe àjọyọ̀. Sidsel dúró sẹ́yìn, níbi tí wọ́n ń fi kóòtù kọ́ sí. Ilẹ̀kùn ṣí, Troels jáde kí àwọn olùdánwò lè fi orí kan orí. Asger fẹ́ bi í bó ṣe lọ, ẹnìkan fà á lápá. Troels jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lélẹ̀, ó sì pa ojú dé. Èjìká rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Sidsel di ọwọ́ kóòtù ẹnìkan tí kò mọ̀ mú, kò mọ̀ pé òun dì í mú.

Wọ́n pè é wọlé. Nígbà tó tún jáde, ó ní òun yege, máàkì tó kéré jù lọ nínú èyí tí wọ́n fi ń yege.

“Ó tó,” Asger wí. “Kò sẹ́ni tó máa bi lọ́yà ní máàkì ẹ̀.”

Wọ́n fi àsíá bò ó. Troels dì mọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bọ̀ láti orí ẹnìkan sórí ẹnìkan, títí tó fi dé ọ̀dọ̀ Sidsel. Kò dì mọ́ ọn. Ó dúró níwájú rẹ̀.

“Mo yege.”

“Mo gbọ́. Inú mi dùn gan-an.”

“A ń lọ jẹun nígboro. O lè tẹ̀lé wa.” Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. “Àmọ́ má bi mí bí nǹkan ṣe ń ṣe mí mọ́ láé. Tó bá ṣe ohun mìíràn, béèrè.”

Sidsel ní òun gbọ́.

Wọ́n jáde sí òpópónà. Yìnyín tó ti ń yọ́ bo ilẹ̀, wọ́n sì ń ti kẹ̀kẹ́ wọn. Asger àti Troels ṣíwájú. Asger ń bi í bó ṣe rí lára rẹ̀ nígbà tí wọ́n bi í ní ìbéèrè àkọ́kọ́, Troels sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Ó ní nígbà tí òun wọlé, òun ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ rárá, ó dà bíi pé etí òun kún fún nǹkan kan. Sidsel yára díẹ̀ kó lè gbọ́ ìyókù. Troels gbúròó táyà kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn. Ó wẹ̀yìn, ó rí i, ó sì yí ọ̀rọ̀ padà, ó ní ebi ń pa òun.

Sidsel dẹ ẹsẹ̀. Ó jẹ́ kí gbogbo wọn kọjá, ó dúró bí ẹni tó ń yẹ ṣéènì kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wò, títí tó fi gbọ́ ohùn Troels lókèèrè pé ó ti tún bẹ̀rẹ̀. Kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Ó dúró síbẹ̀ títí Troels fi sọ ọ́ tán.